Bátìrì Tó Ń Pọ́n Tó Sì Ń Jẹrà

Kaboua, lẹ́bàá Ṣábẹ̀ẹ́,
Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù Ẹrẹ́nà.

Fẹ̀yìntọlá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Parfait àna mi, mo sì kí Aurélie ọmọ-ọmọ mi tí mo máa ń rí nínú tẹlifóònù. Ṣé ara yín le bí? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé òkun tí ẹ ń gbé lẹ́bàá rẹ̀ ní Kútọnu yẹn kò tíì bínú sí yín? Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹ rí ooru ọdún yìí á jẹ́ kí ẹ rí òjò rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ò ní í ṣiṣẹ́ fún olè kó, ilé tí ẹ ń yá gbé á di ilé tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́, onílé kò ní í kan ìlẹ̀kùn yín lọ́jọ́ tí ọwọ́ yín ṣófo. Àmín. Àwa náà wà, ọpẹ́ ni. Orúnkún ìyá rẹ ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá, nítorí náà mo mọ̀ pé àìsàn náà kò le.

Bí o bá ń bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá rẹ ń kọ lẹ́tà nígbà tí tẹlifóònù wà, bátìrì tí o rà fún wa ni kí o bi. Ó di ọjọ́ mẹ́ta òní tí tẹlifóònù mi kú, mo sì so ó mọ́ bátìrì yẹn lálẹ́ pé kó bá mi jí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì ti kú pọ̀. Nítorí náà awakọ̀ tó máa ń kó ẹrù lọ sí Kútọnu ni mo fi lẹ́tà yìí rán, òun àti àpò èlùbọ́ tí ìyá rẹ dì fún yín. Mo ti sanwó ọkọ̀ fún un, bó bá tún ní kí o fi nǹkan lé e, má dá a lóhùn.

Nílé níbí, kò sí ìròyìn burúkú. Kajú so dáadáa lọ́dún yìí, ẹ̀yìn wa ni a fi ń ṣà á, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà á ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn pé owó rẹ̀ ti wálẹ̀ lókè òkun. N kò mọ òkun tó máa ń mú kí owó nǹkan wálẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ tà, tó sì máa ń gbé e gòkè lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ rà. Barthélemy aládùúgbò wa ti ra ẹ̀rọ amúnáwá, èyí tí wọ́n ń pè ní gúrúùpù, ó sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ Barthélemy.

Ó yá, ká sọ ohun tó wà nílẹ̀. Jẹ́ kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè dá mi lójú pé mo gbọ́ ọ yé. O ní Aurélie kò lè sùn bí abẹ̀bẹ̀ oníná kò bá fẹ́ sí i lára. O ní ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ gbé e wá, nígbà tó wà lọ́mọ oṣù mẹ́jọ, ooru ilé wa mú kí ara rẹ̀ sú láti ọrùn dé ìdí, òótọ́ sì ni, ojú mi ló ṣe, ẹ sì gbé e sá padà ní ọjọ́ kejì. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta. Iná ìjọba ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀, kò tíì dé ọ̀dọ̀ tiwa, òpó tí wọ́n kó sẹ́bàá ọ̀nà, ewúrẹ́ ló ń fi ara họ ọ́. Ìdí nìyẹn tí o fi ra pánò kan ránṣẹ́, pátákó dúdú tó ń mu oòrùn yẹn, pẹ̀lú bátìrì kan, gílóòbù méjì, àti abẹ̀bẹ̀ oníná kan, pé ká fi dán an wò fún oṣù méjì. Bó bá ṣe dáadáa, ìwọ àti Parfait á san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta fáráǹkì tó kù, àwọn tó tà á yóò kó pánò mẹ́ta sí i àti bátìrì ńlá wá, ẹ ó sì gbé Aurélie wá bá wa ṣọdún Àjíǹde, ẹ ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bí kò bá ṣe dáadáa, wọn á wá kó nǹkan wọn, Aurélie á sì jókòó sí Kútọnu. O ní èmi ni kí n wò ó, kí n sọ bóyá ó tó owó tí wọ́n ń pè é.

Mo ti wò ó. Oṣù méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ó ti sú mi.

Kò sí ohun tí wọ́n ní kí a ṣe tí a kò ṣe. Thierry, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá tò ó láti Ṣábẹ̀ẹ́, wo páànù òrùlé wa, ó ní ó ti gbó jù, kò lè gbé pánò, ó bá ri irin mẹ́rin mọ́ àgbàlá, ó sì tẹ́ pánò náà lé e lórí, kò ga ju ìbàdí lọ, ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì. Ó ní ẹ̀ka máńgòrò kan ń ṣíji bò ó. Fẹ̀yìntọlá, o mọ máńgòrò wo ni mo ń sọ. Abẹ́ rẹ̀ ni mo sin ibi rẹ sí lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, èmi ni mo gbin ín, ọjọ́ orí kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì. Mo dúró, mo wo igi náà, mo wo Thierry, mo sì mú àdá. Ẹ̀ka tó nípọn ju itan mi lọ ni mo gé nítorí abẹ̀bẹ̀ Aurélie. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì, ìyẹn nìkan ni èrè tí mo rí nínú rẹ̀.

Wọ́n tún fún mi ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní fíìsì, pé kí n dáhùn ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀. Faransé ni gbogbo rẹ̀. Mo gbé e tọ Antoine lọ, olùkọ́ ilé-ìwé wa, pé kó máa kà á fún mi kó sì máa kọ èsì mi. Wọ́n ní wákàtí mélòó ni ilé wa ń rí oòrùn lóòjọ́. Mo ní oòrùn kì í wọ ilé wa, mo ti fi pákó dí ojú fèrèsé nítorí rẹ̀, ìta ni tiẹ̀. Antoine rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kí òun kọ òdo ni, mo ní kó kọ ọ́, n kì í purọ́ sínú ìwé. Wọ́n ní ènìyàn mélòó ló wà nínú ilé. Mo ka ìwọ, mo ka Parfait, mo ka Aurélie, mo ka àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ mẹ́ta tó wà ní Nàìjíríà àti ìyàwó wọn àti ọmọ wọn, ó di mẹ́tàdínlógún. Antoine ní àwọn tó ń sùn níbẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè, pé èmi àti ìyá rẹ nìkan ló yẹ kí òun kọ. Mo bínú. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé ọmọ ẹni kì í ṣe ará ilé ẹni mọ́ nítorí pé ibòmíràn ló ń sùn. Ó kọ mẹ́tàdínlógún. Wọ́n wá bèèrè pé ọdún mélòó ni a fẹ́ kí bátìrì náà lò, mo ní kó ṣáà lò jù mí lọ, ó tó.

Nísinsìnyí, gbọ́ bí bátìrì yẹn ṣe rí. Iná wẹ́wẹ́ mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀, ọ̀kan ní àwọ̀ ewé, ọ̀kan pupa rúsúrúsú, ọ̀kan pupa fòò. Thierry ṣàlàyé wọn fún mi ní Faransé, ó ń yára, ó sì ń wo aago, mo kàn ń dáhùn pé wíì, wíì, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sóhun tí n kò mọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ti dá oko kajú láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú, ṣé ọmọ ilé-ìwé ni yóò kọ́ ọ ní ohun tó pọ́n àti èyí tí kò pọ́n? Èyí tó bá ní àwọ̀ ewé, kò tíì gbó, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá ń pupa rúsúrúsú, ó ń bọ̀ lọ́nà. Èyí tó bá pupa fòò, ó ti pọ́n, ẹ wá ká a. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ bẹ́ẹ̀, ó sì yé e lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọ̀ ewé ni ó ń tàn ṣáá. A wò ó ní ọjọ́ kan, a wò ó ní ọjọ́ kejì, ewé. A kò fọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀ náà. Gílóòbù ilé ìdáná nìkan ló ń tàn, tọ̀sán-tòru, nítorí Thierry ló tàn án sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. A jókòó sínú ooru wa, a fi abẹ̀bẹ̀ oníná sí iwájú wa bí ère, à ń dúró kí nǹkan pọ́n.

Ìyá rẹ ló wá rí ọgbọ́n rẹ̀. Thierry ti sọ fún un pé kó máa fi àkísà tútù nu ojú pánò ní gbogbo òwúrọ̀, kí eruku má gbà á. O mọ ìyá rẹ bó bá di ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Ó nù ún títí tí a fi ń rí ojú ara wa nínú rẹ̀. Ó wá dúró, ó wò ó, ó ní ohun tó mọ́ tó báyìí, tó gbóná tó báyìí, tó ga kúrò lọ́dọ̀ adìyẹ, kò ní í wà lásán nínú àgbàlá òun. Ó bá bu iṣu tí ó ti bọ̀ fún èlùbọ́, ó sì sá a lé e lórí, ó tò ó tìmọ́tìmọ́ láti etí dé etí. Iṣu tí ì bá gba ọjọ́ márùn-ún lórí àpáta, ọjọ́ méjì péré, ó ti gbẹ ganrangan, kò sí iyanrìn, kò sí ìgbẹ́ adìyẹ, ó funfun. Nígbà tí díẹ̀ nínú rẹ̀ ń yọ̀ ṣubú nítorí pé pánò náà rọra tẹ̀ sí apá kan, mo kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó dá a dúró. Ohun ìyanu ni pé láti ọjọ́ tí iṣu ti dé orí pánò ni bátìrì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n! Ìyá rẹ ní ooru iṣu ni. Mo gbà fún un, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe máa ń pọ́n bí a bá bò ó mọ́lẹ̀.

Ibi tí ìbínú mi wà nìyí. Kò tó pé kó pọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ìyá rẹ bá ti kó iṣu rẹ̀ tán, màá yọjú sí bátìrì, ó ti pupa fòò, ó dára, mo pe ìyá rẹ pé ó ti pọ́n o, a gbé àga jókòó, mo tẹ abẹ̀bẹ̀ oníná, ó yí, ó fẹ́, atẹ́gùn rẹ̀ dùn, n kò ní í purọ́. Kí ìyá rẹ tó sọ ìtàn ẹnì kan tán, abẹ̀bẹ̀ ti dúró. Bátìrì ti kú fin-ín. Kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹun tán lọ. Fẹ̀yìntọlá, mo ti rí èso tó pọ́n lónìí tó jẹrà lọ́la, n kò rí èyí tó ń pọ́n tó sì ń jẹrà lórí ìjókòó kan rí láyé mi.

Ọjọ́ Àìkú ni tiẹ̀ tún burú jù. O mọ̀ pé ìyá rẹ kì í sá nǹkan lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì ni a máa ń wà títí di ìrọ̀lẹ́. Pánò á wà lófo láti àárọ̀, kò sí ohun kan lórí rẹ̀. Bí a bá dé, àwọ̀ ewé ni! Gbogbo ọjọ́ Àìkú, ewé, kò yẹ̀ rí. Ó di pé ká tan fìtílà, ká sì sùn nínú ooru. Mo sọ fún ìyá rẹ pé bóyá ohun tí wọ́n ṣe ní ìlú àwọn òyìnbó yìí ń pa òfin Ìsinmi mọ́, ìyá rẹ ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sàn ju èmi tí mo ń ka kajú lọ́jọ́ Àìkú lọ.

Barthélemy wá láti wá fi mí ṣẹ̀sín. Ó wo bátìrì, ó ní lórí tẹlifóònù òun, bó bá pupa, ó túmọ̀ sí pé agbára ti ń tán, bó bá ní àwọ̀ ewé, ó túmọ̀ sí pé ó ti kún. Mo bi í léèrè pé kajú mélòó ló gbìn láyé rẹ̀. Kò gbin ọ̀kan. Mo ní kó máa lọ. Ọkùnrin tó ń ra epo pẹtiróòlù lójoojúmọ́ láti fi bọ́ ẹ̀rọ tó ń pariwo tí a kò fi lè gbọ́ àdúrà ara wa mọ́, tó sì máa ń pa á lẹ́yìn wákàtí kan nítorí pé epo wọ́n, òun ni yóò wá kọ́ mi ní àwọ̀. Mo bínú débi pé n kò rántí fún un ní omi mu, mo sì mọ̀ pé kò dára.

Kí tẹlifóònù mi tó kú, Thierry fúnra rẹ̀ pè. Ó ní wọ́n ti rí ìwé tí mo dá padà, pé ọ̀gá òun kò rí ilé tó ń rí oòrùn fún wákàtí òdo rí. Ó bi mí bóyá igi ń ṣíji bo pánò. Mo búra fún un. Mo ní mo ti gé ẹ̀ka máńgòrò, kò sí òjìji ewé kan lórí rẹ̀, kò sí eruku, ìyá rẹ ń nù ún ní gbogbo òwúrọ̀ Ọlọ́run kó tó tẹ́ iṣu rẹ̀, kódà kì í jẹ́ kí adìyẹ sún mọ́ ọn. Ó ní iṣu wo. Ibẹ̀ ni tẹlifóònù ti kú. Antoine ti ní òun gbọ́ pé Thierry ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí láti fojú ara rẹ̀ rí i. Ó dùn mọ́ mi. Mo ti sọ fún ìyá rẹ pé kó sá iṣu kún un dáadáa lọ́jọ́ náà, kí ọmọ náà lè rí i pé nǹkan wọn kò wà lásán lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, ìdáhùn mi nìyí sí ohun tí o bèèrè. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta fáráǹkì, kajú oko mi méjèèjì kò lè pa á lọ́dún kan bí òkun bá ń bá owó rẹ̀ jà báyìí. Ìwọ àti Parfait ṣì ń sanwó ilé, ẹ ṣì ń sanwó ilé-ìwé, kò sì yẹ kí ènìyàn kó òógùn ojú rẹ̀ lé ohun tí kò lè fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ títí oorun yóò fi gbé e. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ pé kò dára, kò sí Àjíǹde. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti mú bírò láti kọ pé ó dára, pé ó ń fẹ́ yẹ́ẹ́, kí ẹ lè gbé Aurélie wá. Ìyá rẹ ló ní bí mo bá pa irọ́ yẹn, tí ọmọ dé, tí abẹ̀bẹ̀ dúró, tí ara rẹ̀ tún sú, kí ni màá wí. Bátìrì yẹn kò dára, Fẹ̀yìntọlá. Ó dùn mí gan-an.

Ṣùgbọ́n pánò dára. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà kí ẹ lè rí i: PÁNÒ DÁRA. O rántí pé o pè wá lóṣù tó kọjá pé èlùbọ́ tí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ yẹn, ẹ kò tíì rí irú rẹ̀ ní Kútọnu, pé Parfait tó jẹ́ ọmọ Wídà bu ọkà lẹ́ẹ̀mejì, pé Aurélie lá ọwọ́ rẹ̀? Orí pánò yẹn ló ti gbẹ. Láti ọjọ́ tí o ti sọ ọ̀rọ̀ náà, ìyá rẹ kò jẹ́ kí pánò sinmi mọ́ àfi lọ́jọ́ Àìkú, bí ti àkọ́kọ́ bá ṣe gbẹ ló ń tẹ́ tuntun, nítorí Aurélie ni, ó ní ọmọ tí kò lè wá jẹun nílé bàbá ìyá rẹ̀, kí oúnjẹ ilé náà lọ bá a. Àpò tó wà lọ́wọ́ awakọ̀ yìí, orí pánò ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Aládùúgbò wa Zénabou náà ti ń bẹ̀bẹ̀ pé ká fún òun ní ìdajì pánò lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá rẹ kò gbà.

Ohun tí a fẹ́ kí o bá wa ṣe nìyí. Sọ fún àwọn tó tà á pé kí wọ́n wá gbé bátìrì wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n kó pánò mẹ́ta tó kù wá, nítorí ọ̀kan yìí kò gba iṣu wa mọ́. Kí wọ́n yọ owó bátìrì kúrò nínú rẹ̀. Fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fáráǹkì ránṣẹ́ sí wa, kí ìyá rẹ fi ra òróró orúnkún, kí n sì fi ìyókù gba àwọn tó ń bá mi ṣa kajú. Bó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín, ẹ wá tẹlifóònù tí kì í kú fún mi.

Ọlọ́run á wà pẹ̀lú yín. Ẹ ò ní í wá a tì nígbà tí ẹ bá pè é. Ibi tí ẹ bá tẹ́ ẹní yín sí, oorun ibẹ̀ á dùn. Ẹ ó tọ́ ọmọ yín, ọmọ yín á tọ́ yín, àwa tí a wà lẹ́yìn yín á sì fojú wa rí i. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tìmóthì.

Mo tún ṣí lẹ́tà nítorí ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè sùn lé lórí. Nígbà tí o wà ní ọjọ́ orí Aurélie, ọdún kan wà tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, ara rẹ sú bí ti ọmọ rẹ gẹ́lẹ́, o kò sì lè sùn. Kò sí pánò nígbà náà. Èmi àti ìyá rẹ ń gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ara wa, èmi fẹ́ títí ó fi rẹ̀ mí, òun náà fẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, oorun sì gbé ọ lọ. O ti gbàgbé, ọmọ kì í rántí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lánàá mo ra abẹ̀bẹ̀ ọlọ́wọ́ méjì lọ́wọ́ Zénabou, ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún ìyá rẹ. Ẹ gbé Aurélie wá ní Àjíǹde bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró de iná. Ọwọ́ mi yìí ni bátìrì rẹ̀. Mo ti wò ó dáadáa, ó ti pọ́n, Fẹ̀yìntọlá, ṣùgbọ́n kò tíì jẹrà. Ẹ tètè wá.